Bí Mo Ṣe Lọ Ṣèdájọ́ Ẹyẹ Ará Ṣáínà ní Ayọ̀bọ̀

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí mo fi jáde nílé mi ní Ìgándò lọ́jọ́ Sátidé náà. Àwọn kan ń wọ bàálù lọ Ṣáínà, wọ́n á sì padà wá ròyìn rẹ̀ fún wa títí etí wa á fi kún. Èmi ò wọ bàálù. Kòròpé ni mo wọ̀, ọkọ̀ kékeré kan tí àwọn ará Èkó ń to èèyàn sí bí ẹni to páálí, mo sì fojú kan Ṣáínà kí oòrùn tó mú. Ẹ̀yin ará ilé ní Èkìtì tẹ́ ẹ máa ń sọ pé ẹni tó bá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ò níbi tó ń lọ mọ́, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ìrìn àjò mi fún yín.

Alhaji Sùlé ló ránṣẹ́ pè mí. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, táìlì ló ń tà, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì háyà ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa fún ọdún pípẹ́ kó tó kọ́ tirẹ̀ sí Ayọ̀bọ̀. Ó jù mí lọ díẹ̀, kì í sì jẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀.

"Tíṣà," ó ní lórí fóònù, "ìwọ lo mọ̀wé àwòrán nínú gbogbo wa. Lín yàwòrán fún mi, kò yà á parí. Ó ń bọ̀ wá jẹun ìdágbére ní Sátidé. Wá bá mi wò ó kó tó dé. Tó bá parí, kó o sọ pé ó parí. Tí kò bá parí, màá ká a, màá dá a padà fún un kó máa gbé e lọ."

Ọ̀rọ̀ náà bà mí lẹ́rù, torí mo mọ Lín. Ará Ṣáínà ni, òun ni alábòójútó ilé ìkẹ́rùsí kan tí Alhaji ti ń ra ọjà. Ó ti dàgbà, ó sì ti pẹ́ ní Èkó débi pé ó ń sọ Yorùbá ọjà, Yorùbá tí kò ní "ẹ" nínú, tó jẹ́ pé àti ọba àti ọmọ ọwọ́, "o" ni gbogbo wọn lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí omi ya wọ ṣọ́ọ̀bù Alhaji, Lín ká ṣòkòtò sókè, ó ń bá wa ru páálí nínú òjò. Nígbà tí ibà dá Lín dùbúlẹ̀, Ìyá Rọ̀kíbà, ìyàwó Alhaji, ló ń gbé ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ lọ fún un ní ọsibítù. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń wá jẹun nílé wọn lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í kírun. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ọdún kan tó ti gbé àwòrán kan fún Alhaji, ẹsẹ̀ rẹ̀ fà sẹ́yìn. Alhaji náà ò sì béèrè rẹ̀ mọ́. Ní báyìí, Lín ti fẹ̀yìn tì, ó ń padà sílé pátápátá. Bí Alhaji bá wá gbé àwòrán náà lé e lọ́wọ́ lẹ́yìn oúnjẹ, ọ̀rẹ́ ọjọ́ pípẹ́ bàjẹ́ nìyẹn, láàárín àgbàlagbà méjì tó ṣeé ṣe kí wọ́n má ríra mọ́ láyé yìí.

Kí n má purọ́ fún yín, ìmọ̀ mi nípa Ṣáínà ò pọ̀. Iṣẹ́ ọnà ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ àwọn ọmọ ní sẹ́kọ́ńdírì. Nínú ìwé tí a fi ń kọ́ wọn, gbogbo ilẹ̀ Ṣáínà gba ìdajì ojú ewé kan, nínú ẹ̀dà ti ilé ìwé wa sì rèé, ẹnìkan ti ya ojú ewé náà lọ. Nítorí náà, lálẹ́ tó ṣáájú ìrìn àjò yìí, mo jókòó ti fóònù mi, mo ń wo fídíò lórí fídíò títí dátà mi fi tán. Nígbà tí mo máa fi sùn, mo ti di ọ̀mọ̀wé. Mo ti mọ̀ pé huaniao ni wọ́n ń pe irú àwòrán bẹ́ẹ̀: hua ni òdòdó, niao ni ẹyẹ. Mo ti mọ̀ pé tàdáwà àti omi ni wọ́n fi ń yà á, sórí tákàdá fẹ́lẹ́ tí kì í gba àtúnṣe, tó jẹ́ pé bí ọwọ́ bá ti kàn án, ó ti kàn án nìyẹn. Olórí gbogbo rẹ̀ ni pé ibi tí ayàwòrán ò fọwọ́ kàn rárá, iṣẹ́ lòun náà ń ṣe. Ó lè jẹ́ ojú ọ̀run, ó lè jẹ́ omi, ó lè jẹ́ ìkùukùu.

Mo ṣàlàyé èyí fún ìyàwó mi. Ó ní, "Ṣé ibi tí wọn ò ya nǹkan kan sí náà lẹ fẹ́ ṣàlàyé fún Alhaji? Alhaji tó lẹ táìlì mọ́ ilé adìyẹ?" Mo ní kó fi mí sílẹ̀ jàre.

Ẹni tó bá fẹ́ ti Ìgándò dé Ayọ̀bọ̀ á kọ́kọ́ gba Ìṣẹ̀rì àti Ẹ̀gbẹ́dá lọ sí Ìyànà Ìpájà. Ẹgbẹ̀ta náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi láàárọ̀ yẹn, wọ́n ní owó ìdájí ni, bí ẹni pé oòrùn ló ń gbé díẹ̀ nínú owó ọkọ̀. Ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ni mo jókòó sí. Torí pé mo ti gba ẹ̀kọ́ àlàfo lálẹ́ àná, ojú mi ń wá àlàfo kiri. Mi ò rí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, tí ògiri yín kàn ń jẹ́ ògiri, ẹ ò lè mọ̀. Níbí, kò sí ògiri tí kò sọ̀rọ̀. Èyí ń sọ pé ilé yìí kì í ṣe títà, ìkejì ń sọ pé ẹni tó bá tọ̀ síbí á kàgbákò, ìkẹta ń pe gbogbo wa síbi ìsọjí tó ti kọjá lọ́dún tó kọjá. Fẹ́ǹsì kan ṣoṣo ló wà létí Ẹ̀gbẹ́dá tó funfun báláú, inú mi sì dùn sí i. A ò tíì kọjá rẹ̀ tán tí mo fi rí ọkùnrin kan tó ń gbé àkàsọ̀ tì í, ọ̀dà pupa wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Awakọ̀ ní, "Bàbá, kí lẹ̀ ń wò lára ògiri látàárọ̀? Ṣé ẹ fẹ́ ralé ni?"

Mo ní, "Àlàfo ni mò ń wò."

Ó yọjú wò mí dáadáa, kò sì tún bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi dé Ìyànà Ìpájà.

Ìyànà Ìpájà ni gbogbo ọ̀nà apá ibí ti ń pàdé. Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀, àfárá ẹlẹ́sẹ̀ ti kún, àwọn tó ń tajà lórí rẹ̀ ti tẹ́ ẹrù débi pé ẹni tó ń sọdá gbọ́dọ̀ tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ bàtà, súwẹ́tà ọmọ àti okùn fóònù. Mo ra àkàrà gbígbóná sínú búrẹ́dì lẹ́sẹ̀ àfárá. Àkàrà ilé wa máa ń kún ọwọ́. Èyí tí mo rà yìí dùn, kò sì ní ata jù, ṣùgbọ́n sùúrù ni mo fi wá a rí láàárín búrẹ́dì. Mo jẹ ẹ́ lórí ìdúró, mo mu omi inú ọ̀rá lé e, mo wọ ọkọ̀ mìíràn.

Láti ibẹ̀, ọ̀nà gba Ìpájà kọjá Baruwa lọ sí Ayọ̀bọ̀. Mo mọ Ayọ̀bọ̀ nígbà tó jẹ́ oko ẹ̀gẹ́. Ilé ti wá hù níbi tí ẹ̀gẹ́ wà, òmíràn láìní òrùlé, òmíràn láìní fèrèsé, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ní géètì. Níbi tí bọ́ọ̀sì parí sí, mo gun kẹ̀kẹ́ Márúwá. Lẹ́yìn tí a ti fò sókè sódò fún ìgbà díẹ̀, ọlọ́kadà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yìí bojú wẹ̀yìn.

"Bàbá, ẹ di irin yẹn mú dáadáa o. Ibi tí ọ̀nà ò ti dáa ti bẹ̀rẹ̀ báyìí."

"Èwo la wá ń gùn bọ̀ látẹ̀yìn?"

"Ìyẹn? Ìyẹn kúkú dáa."

Ilé Alhaji ò ṣòroó dá mọ̀. Táìlì ló fi bo fẹ́ǹsì, táìlì ló fi bo òpó, àtẹ̀gùn, etí kànga, àti ilé adìyẹ tí ìyàwó mi sọ. Nínú pálọ̀, aago mẹ́ta ló wà lára ògiri, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ aago tirẹ̀. Òdòdó onírọ́bà wà ní gbogbo igun, àwòrán ìgbà tó lọ Mẹ́kà wà nínú férémù oníwúrà, orí àjà sì ní ọnà tó pọ̀ débi pé ọrùn ń dunni láti wò ó. Ibì kan ṣoṣo ló ṣófo nínú gbogbo ilé náà. Ara àwòrán Lín ni.

Ó gùn, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ sílíkì, igi róbótó wà lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀. Alhaji fi ìṣó gbé e kọ́ bí ẹni gbé kàlẹ́ńdà kọ́. Ní igun ìsàlẹ̀ lápá òsì, ẹ̀ka igi dúdú kan yọ wọlé, òdòdó pupa fẹ́ẹ́rẹ́ mélòó kan sì wà lára rẹ̀ láìsí ewé. Ẹyẹ kan bà lé e, ó dúdú, ó funfun níkùn, ìrù rẹ̀ gùn. Ó kọ orí sí òkè lápá ọ̀tún, ó ń wo ibi tí kò sí nǹkan kan. Èdìdì pupa kékeré wà lábẹ́ ẹ̀ka náà. Ó tán. Gbogbo èyí tó kù, tákàdá lásán ni.

Mo sún mọ́ ọn. Ẹ̀ẹ̀kan ni Lín fa gbogbo ẹ̀yìn ẹyẹ náà, láti ọrùn dé ìrù, ó sì gbé ọwọ́. Ibi tí omi ti pọ̀ nínú tàdáwà, ó rọ̀ bí ìyẹ́. Ibi tó ti gbẹ, búrọ́ọ̀ṣì pín sí wẹ́wẹ́, ó di etí ìrù. Nínú ojú ẹyẹ náà, ó fi ibì kan tó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn, ibẹ̀ ló jẹ́ kí ojú náà ríran. Àwòrán náà wọ̀ mí lára. Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ká ní ilé ẹlòmíràn ni, ọkàn mi ì bá ro olè.

Alhaji ní, "O ti wò ó tó. Sọ̀rọ̀."

"Alhaji, ó ti parí."

"Níbo ló ti parí?" Ó na ọwọ́ sí àyè náà. "Kí lèyí?"

"Ojú ọ̀run ni, sà."

"Oòrùn ẹ̀ dà?"

"Ìkùukùu ló bò ó."

"Tíṣà, ó dáa. Tó o bá ra táìlì pálọ̀ lọ́wọ́ mi, tí mo tẹ́ ẹ dé ìlàjì, tí mo wá ní èyí tó kù, ìkùukùu ni, ṣé wàá gbà?"

Fídíò tí mo wò kò mẹ́nu kan ìbéèrè yìí.

Ìyá Rọ̀kíbà jáde láti kíṣìnnì, ó ń nu ọwọ́. Ó ní, "Tíṣà, ẹ káàbọ̀. Ẹ bá mi sọ fún Alhaji kó má dá ẹ̀bùn èèyàn padà. Ká kúkú bá a parí ẹ̀ ni mo wí. Ẹ sì wò ó, kánnákánná ló yà wá fún wa! Ẹyẹ tó ń gbé ẹran mi sá lẹ́yìnkùlé!"

Mo ṣàlàyé pé bó tilẹ̀ jọ kánnákánná, ẹyẹ ayọ̀ ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ wọn, pé tó bá ké lẹ́nu ọ̀nà, àlejò rere ń bọ̀.

"Èyí tó ń ké níbí, ẹran ló ń bọ̀ wá gbé," ó ní, ó padà sídìí ìkòkò rẹ̀.

Alhaji bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa agolo ọ̀dà jáde lábẹ́ àga: àwọ̀ ewé, àwọ̀ búlúù, funfun, ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun géètì. Ó ti rà á sílẹ̀ fún mi. Ó ní tí mo bá gbà pé kò parí, tí mi ò sì fẹ́ kí òun dá a padà, kí n ya ẹyẹ kejì síwájú ti àkọ́kọ́, kí n ya ilé alájà méjì yìí sẹ́yìn wọn, kí òun alára sì dúró ní bálíkónì. Ó ní ojú ti ń ti òun. Gbogbo àlejò tó bá wọlé ló ń wá déètì lára rẹ̀, alága àwọn onílé tilẹ̀ fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè pé ta ló kú, torí ó rò pé kàlẹ́ńdà ìrántí òkú ni, tí wọn ò tíì lẹ fọ́tò olóògbé mọ́ ọn.

Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó ń dùn ún. "Kì í ṣe ti ẹyẹ, Tíṣà. Oníbàárà mìíràn wà lọ́jà wa tí Lín fún ní àwòrán. Ó kún! Òdòdó rẹpẹtẹ, ẹyẹ bí ẹyẹ. Ẹni yẹn ò mọ ilé Lín, kò mọ orúkọ ìyàwó ẹ̀. Èmi tí mo pè é ní àbúrò, igun tákàdá ló yà fún mi. Ó dùn mí. Mi ò lè purọ́, ó dùn mí gan-an ni."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ṣùgbọ́n dípò kí n dákẹ́ kí n ro ohun tó sọ, ẹ̀kọ́ alẹ́ àná gùn mí. Mo dúró ní àárín pálọ̀, mo ṣèdájọ́. Mo ní iṣẹ́ àgbà ni. Mo ní ẹni tó lè ya nǹkan kún tákàdá pọ̀, ẹni tó lè fi í sílẹ̀ ló ṣọ̀wọ́n. Mo ní ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kan àyè yẹn, yálà pẹ̀lú ọ̀dà tàbí tàdáwà, ó ti ba àwòrán náà jẹ́ títí láé. Alhaji mí kanlẹ̀. Ó ní ó dáa, òun gbà, òun ò ní dá a padà, òun ò sì ní kùn ún, ṣùgbọ́n kí n má retí pé kí ó yé òun. Ó ti agolo ọ̀dà padà sábẹ́ àga. Mo jókòó bí adájọ́ tó parí ẹjọ́.

Lín dé lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Ó wọ bùbá àti ṣòkòtò tí Ìyá Rọ̀kíbà rán fún un nígbà kan. Ó ti rù sí i. "Alhaji, o káàsán," ó ní, ó tẹrí ba. "Ìyá Rọ̀kíbà, o káàsán. Tíṣà, ìwọ náà wá!" A jẹ iyán pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àti ẹran ìgbẹ́. Lín ń fọwọ́ bu òkèlè bí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀rọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Wọ́n ń bi ara wọn nípa bàálù àti ẹrù, bí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé ní gáréèjì.

Nígbà tó fọwọ́ tán, ó dìde, ó lọ dúró síwájú àwòrán rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wa. Ó pẹ́ níbẹ̀. Mo rò pé ẹ̀yìn ẹyẹ ló ń wò, mo sì ti ń múra láti yìn ín níwájú gbogbo wọn. Ó padà wá jókòó, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún.

"Ó dáa, Alhaji," ó ní. "Kò sí wàhálà. Mo kàn fẹ́ wò ó ni."

"Kí lo fẹ́ wò?"

"Bóyá o kọ nǹkan."

Alhaji wò mí. Mo wo orí àjà.

Lín rọra ń ṣa ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jọ. "Ilé mi, èmi ya ẹyẹ. Ọ̀rẹ́ kọ ọ̀rọ̀. Èmi fi àyè sílẹ̀, ọ̀rẹ́ kọ ọ́ síbẹ̀, ó lu sítáǹbù. Ọmọ rí i, ọmọ ọmọ rí i, wọ́n mọ̀ pé àwa méjì wà. Kékeré ọ̀rẹ́, kékeré àyè. Ìwọ," ó na ọwọ́ sí àwòrán náà, "gbogbo ẹ̀ ni mo fi sílẹ̀."

Alhaji wo àwòrán náà látòkè délẹ̀.

"Èyí tó o fún wọn lọ́jà ńkọ́? Èyí tó kún?" Ohùn Alhaji ti wálẹ̀.

"Ìyẹn? Ìyẹn, mo rà á. Ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Kò nílò ẹnì kankan." Lín rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Tìẹ, mo dúró. Mo wá Jímọ́ọ̀, mo wò ó, òfo. Mo tún wá, òfo. Mo ní, Alhaji ò fẹ́. Mo ní, má yọ ọ́ lẹ́nu."

"Ṣùgbọ́n mo dúpẹ́! Ilẹ̀ mọ́, mo pè ọ́, mo ní o ṣé àná!"

"O ṣé àná, ẹnu ni," Lín ní. "Ó ti lọ."

Ẹ wo bí àṣà ṣe ń ṣe èèyàn. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó gba ẹ̀bùn á lọ kí "ẹ ṣé àná" lówùúrọ̀, ọ̀rọ̀ sì parí. Kò gbọdọ̀ béèrè pé èé ṣe tí ẹ̀bùn náà fi rí báyìí. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó fún ọ ní tákàdá ń retí ọwọ́ rẹ lórí rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ béèrè pé ọjọ́ wo lo máa kọ ọ́. Ọmọlúàbí méjì ló fi ìwà ọmọlúàbí pa ara wọn lẹ́nu mọ́ fún odindi ọdún.

Alhaji yíjú sí mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ìkùukùu, àbí?"

Ó ní kí n tètè bá òun kọ nǹkan síbẹ̀, torí èmi ni mo mọ̀wé. Lín mi orí. "Ọwọ́ tìẹ."

Ẹ̀rù bà mí gan-an, torí mo mọ ohun tí Alhaji ń kọ sí rìsíìtì. Oníbàárà pàápàá kì í lè kà á. Ṣùgbọ́n ó wọ yàrá lọ, ó sì gbé kálámù àti ìgò tàdáwà jáde, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ wàláà nílé kéwú nígbà èwe rẹ̀. Ó ní òun ṣì máa ń fi kọ̀wé nígbà ààwẹ̀, kọ́wọ́ òun má baà gbàgbé. Wọ́n sọ àwòrán náà kalẹ̀ lórí táìlì. Alhaji jókòó sílẹ̀, ó ká ẹsẹ̀, ó ní bísímílláì. Èmi, tí mo ti kéde pé ẹni tó bá kàn án ti bà á jẹ́, èmi ni mo bá wọn di etí tákàdá mú.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá ló ń kọ, ní lẹ́tà kéwú, láti ọ̀tún bọ̀ sí òsì, níbi tí ẹyẹ náà kọjú sí gẹ́lẹ́. Lín pàtẹ́wọ́. "Ọ̀tún! Àwa náà, ọ̀tún la ti ń bẹ̀rẹ̀!" Alhaji tẹjú mọ́ ohun tó ń kọ. Òógùn ń jáde níwájú orí rẹ̀. Ó kọ ìlà kan ṣoṣo, ó gbé kálámù kúrò.

"Kí lẹ kọ?" Ìyá Rọ̀kíbà ló béèrè.

Alhaji kà á sókè: "Lín jẹun nílé mi, ó yó. Ilé rẹ̀ ni."

Lín ní kó tún un kà. Ó tún un kà, ó rọra ń pè é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lín yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún nù ún. "Mo yó," ó ní. "Lóòótọ́, mo yó."

Lẹ́yìn èyí ló wá rántí. "Sítáǹbù ńkọ́?"

Ohun tó ní lọ́kàn ni èdìdì kékeré bíi tirẹ̀. Kò sí irú rẹ̀ nílé Alhaji, ṣùgbọ́n sítáǹbù ṣọ́ọ̀bù wà nínú àpò rẹ̀, kó tó di pé mo pariwo, ó ti lù ú sábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, gbàm! Tàdáwà aláwọ̀ àlùkò ni. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù jáde, ọjà tí wọ́n ń tà jáde, àkọlé ìsàlẹ̀ náà sì jáde ketekete, èyí tó ń kìlọ̀ pé ọjà tí oníbàárà bá ti gbà ní pípé, a kì í gbà á padà mọ́. Ìyá Rọ̀kíbà yọjú wò ó.

"Alhaji," ó ní, "ẹ ò lè dá a padà mọ́ nìyẹn o."

Lín béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Nígbà tí a sọ ọ́ fún un, ẹ̀rín pa á débi pé ó di àga mú. Alhaji náà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, omi náà ò sì tètè dá. Wọ́n gbé àwòrán náà padà sára ògiri, àwọn méjèèjì jókòó síwájú rẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun alásàárì, wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ Lín dé, Alhaji di ọwọ́ rẹ̀ mú láti inú pálọ̀ dé géètì, kò sì fi í sílẹ̀ títí awakọ̀ fi tan ẹ́ńjìnnì. Mo yíjú síbòmíràn.

Agolo ọ̀dà ni Alhaji fi sìn mí sọ́nà. Ó ní òun ò mọ ohun tí òun fẹ́ fi ṣe mọ́. Mo gbé e gba Baruwa, mo gbé e sọdá àfárá Ìyànà Ìpájà, mo gbé e lé itan nínú kòròpé. Obìnrin tó jókòó tì mí béèrè bóyá iṣẹ́ kíkun ilé ni mò ń ṣe. Mo ní mò ń kọ́ ọ lọ́wọ́ ni. Ó ti ń ṣú nígbà tí mo wọlé.

Ìyàwó mi gbé oúnjẹ síwájú mi, ó béèrè ohun tí mo kọ́ àwọn ará Ayọ̀bọ̀. Mo sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwòrán náà fún un. Mo ní ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ọdún kan gbáko la fi wo àwòrán yẹn. Alhaji ń wo ibi tó ṣófo, èmi gun ọkọ̀ mẹ́ta lọ wo ẹyẹ, kò sì sẹ́ni tó wo ojú Lín kó bi í pé kí ló ń retí.

"Ó kúkú ti yanjú báyìí," ìyàwó mi ní. "Á tún máa wá jẹun ní Jímọ́ọ̀ nìyẹn."

Mo ní, "Ọ̀la ló ń lọ."